Bàbá Tó Ń Gbé Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lé Àpò

Rùká, ọmọ mi, jókòó dáadáa. O mọ̀ pé mi ò kí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ. Má fi ọ̀rọ̀ ìwé kún un.

Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ni mo kọ́kọ́ fọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká wá wẹ̀ ẹ́ fún sàréè. Bàbá tí mò ń wí yìí, bàbá tó bí bàbá mi ni. Sàlámì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Làsúnwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí, Bàbá Alápò ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń rán àpò tí àwọn akànṣẹ́ máa ń gbá kí ọwọ́ wọn lè le. Alùfáà ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Mo gbé ọwọ́ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Gbogbo orí ìka rẹ̀ kún fún ojú abẹ́rẹ́, kéékèèké, dúdú, bí ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ. Alùfáà wò ó, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ló ṣe èyí?" Mo ní iṣẹ́ ni. Mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sọ òótọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ fún Bàbá nígbà tó wà láàyè. Ẹnu mi ló wà títí a fi da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ti wà níbẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta kí òmìnira tó dé. Èmi náà ti wá dàgbà ju bó ṣe dàgbà nígbà yẹn lọ. Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Bàbá sí. Ọmọ àwọn tó bá ọba wọn kúrò ní Èkó ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́. Ìgbòkun ló ń rán ní etí omi níbẹ̀, aṣọ tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ ojú omi lọ. Nígbà tí ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì dé, àwọn tó ń wá rán ìgbòkun bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìbẹ́ṣẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ súnmọ́ àwọn èèyàn òun. Báyìí ni wọ́n ṣe kó wá sí Làsúnwọ̀n. Abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán ìgbòkun, ó gbé e wá. Etí fìlà rẹ̀ ló máa ń gún un mọ́, kódà tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Aṣọ ìgbòkun tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ló fi rán àpò àkọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀kan di méjì. Ayé sì ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà yẹn, gbogbo ọ̀dọ́ ló fẹ́ dé Èkó lọ jà níwájú èrò. Wọ́n bi í léèrè nígbà kan pé báwo ni iṣẹ́ ìgbòkun ṣe di iṣẹ́ àpò. Ó ní, "Aṣọ kan náà ni. Atẹ́gùn ló ń lu èyí tẹ́lẹ̀, èèyàn ló wá ń lù ú."

Kì í tà fún ẹni tí òun kò bá tíì wo ọwọ́ rẹ̀. Tí o bá dé, á ní kí o jókòó sórí àpótí, á ní, "Mú ọwọ́ wá." Á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á wo oríkèé rẹ̀. Á bi ọ́ níṣẹ́ tí ò ń ṣe. Ó ní ọwọ́ apẹja ti le nínú, kò tíì le lẹ́yìn, torí okùn ló ń fà, kì í gbá nǹkan. Ọwọ́ télọ̀ kò le níbì kankan. Ọwọ́ káfíńtà le jù, ó máa ń tan ẹni tó ni ín jẹ.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òwú àràbà àti àwọ̀n gbígbó ni Bàbá máa kì sínú àpò tirẹ̀. O gbá a, ó gbà ọ́ mọ́ra. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, o padà wá, á tú u, á fi irun èèpo àgbọn dípò òwú. Ọdún kan, á fi ẹ̀rún pákó kún un. Nísàlẹ̀ pátápátá, á fi àpò iyanrìn kékeré kan tó tó orí ọmọdé sí i. Ó máa ń sọ ọ́ fún oníkálukú pé iyanrìn yẹn kì í ṣe fún gbígbá, ó kàn wà níbẹ̀ kí àpò má baà máa fò káàkiri ni.

Tó bá rán an tán, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ló máa wá ṣe. Á gbé àpò náà kọ́, á ṣí fìlà, á fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, á wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e. Á dijú. Á máa yí i díẹ̀díẹ̀, á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ó ń gbàdúrà sí i. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ wò ó, ó ti tún dì mọ́ ìyàwó kékeré." Bàbá á máa yí i lọ. Tó bá parí, tí ibi kankan bá le, á tú u palẹ̀ níwájú ẹni tó ni ín, á tún un kì. Tí kò bá sí, á gbọwọ́ kúrò, á ní, "Ó dáa. Gbé e lọ." Á wá sọ ti ìkẹyìn tó máa ń sọ fún gbogbo wọn: "Àpò tí o kò bá lè gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, má gbé ẹ̀ṣẹ́ lé e."

Àwọn ọ̀dọ́ kan kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí ó le kíá. Ọ̀kan wá láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó ní iyanrìn ni kí Bàbá kì sínú tòun láti òkè dé ìsàlẹ̀, pé akànṣẹ́ kan l'Ékòó tí òun mọ̀, òkúta ló ń gbá. Bàbá bi í pé, "Ó ti ń borí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní, "Ṣé ó ṣì lè de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ fúnra rẹ̀?" Ọmọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bàbá gbé àpótí kúrò nídìí rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ kì í ṣe òòlù. Òòlù la lè rà míì."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, a ń gé àwọ̀n gbígbó lọ́wọ́, kò wojú mi. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, àwọn ọmọkùnrin etí omi máa ń bára wọn ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn Iléyá, àdúgbò sí àdúgbò. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí àpò. Ìtì ọ̀pẹ ni òun ń gbá láàárọ̀, tí òun á sì ki ọwọ́ bọ inú omi iyọ̀ kí awọ rẹ̀ lè gbó. Ọdún mẹ́rin ni òun fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè dúró níwájú òun. Mo ní, "Bàbá, ẹ wá lágbára o." Ó ń gé àwọ̀n lọ. Ó ní, "Igi ni mo fi kọ́ ọwọ́ lẹ́kọ̀ọ́, igi náà ló dà."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ó ń fi okun rẹ̀ yangàn ni.

Òun àti Ìyá àgbà kì í jà lórí nǹkan ńlá. Ẹ̀wà ni wọ́n máa ń jà lé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tó àpò gbá, Bàbá á ní kí ó máa ki ìka bọ inú ẹ̀wà gbígbẹ nínú agbada, ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, ọgọ́rùn-ún nírọ̀lẹ́, kó wá fi àdí pa á lẹ́yìn rẹ̀ kí awọ má baà sán. Ẹ̀wà Ìyá àgbà ni. Ní ọjọ́ kan a jókòó ti oúnjẹ, Ìyá àgbà gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun. Ọwọ́ ọkùnrin mẹ́jọ ló ti bá mi ṣà á." Èmi dá ọwọ́ dúró. Bàbá bu tirẹ̀, ó ń jẹ. Ìyá àgbà fi orúkọ bàbá mi pè é, ó ní, "Bàbá Jìmọ́, ṣé ojú ò tì yín? Ẹ̀wà tí wọ́n ti lù bí olè?" Bàbá gbé e mì. Ó ní, "Òun nìkan ni wọ́n lù nínú ilé yìí tí kò pariwo."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Mo ti tó ọmọ ogún ọdún. Èmi náà ti ń rán àpò, a kọjú síra wa lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé. Ó ń rán etí àpò kan, ó ń fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ń fà á, okùn kò wá mọ́. Ó tún fà á. Mo wò. Okùn ti gba orí ìka rẹ̀ kọjá, ó ti rán ara rẹ̀ mọ́ àpò. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sórí aṣọ. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá, bí ẹni tó ń bínú sí okùn lásán. Ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ ló tó wo ìka rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn náà, ó fà á yọ, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó gbójú sókè. Èmi ti yára wolẹ̀.

Ó ní, "Aṣọ yìí ti dọ̀tí."

Láti ọjọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo rí i tó gbé ife ẹ̀kọ tó ń hó tí kò sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rí i tó ń fi ojú wá abẹ́rẹ́ tó wà láàárín ìka rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ó lè dì í, ó lè fi gbé nǹkan, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun kankan níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tó fi ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àpò. Kì í ṣe ohùn ló ń gbọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló kù fún un tó ṣì lè mọ líle yàtọ̀ sí rírọ̀.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ni. Ó sì ń lo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí ẹni tó ṣèṣe. Mo ní kí n dákẹ́.

Lásísì ni kí n wá sọ báyìí. Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ ni, apẹja, ẹgbẹ́ mi. Ó ga, ó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, àwọn ọmọge Ẹ̀bútẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ló ti ń gba àpò lọ́wọ́ wa, ó ti kúrò ní ti òwú, ó ti kúrò ní ti irun àgbọn lásán. Wọ́n ti wá fún un ní ìjà kan ní Èkó, ìjà tó lè mú un kúrò nídìí àwọ̀n títí láé. Lẹ́yìn òjò ni ọjọ́ rẹ̀. Ó ní kí a bá òun rán èyí tó le jù, èyí tó ní ẹ̀rún pákó. A ti rán an kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò tètè wá gbé e. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní igun àtíbàbà, ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, páànù òkè rẹ̀ sì ń jò. A ò fiyè sí i.

Ọjọ́ tó wá, eyín ti mú Bàbá láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, Ìyá àgbà ti fi gèlè kan di gbogbo orí àti àgbọ̀n rẹ̀, kò ṣeé fara kàn. Lásísì wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ò ní bínú, ọkọ̀ ń dúró dè mí l'Ẹ́bùútẹ́."

A gbé àpò náà kọ́. Bàbá dúró níwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé gèlè tó wà lójú rẹ̀, ó tún sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó dúró. Lásísì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbí ẹ ti kọ ìyàwó kékeré sílẹ̀ ni? Lónìí ẹ ò ní dì mọ́ ọn? Ẹ má jẹ́ kó sunkún lọ sílé mi o." Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín láti inú ilé.

Bàbá na ọwọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àpò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níwá, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, fara balẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò. Mo dúró síbẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan ló wà láàárín èmi àti àpò náà. Tí mo bá na ìka kan, ó tó. Ṣùgbọ́n o mọ ilé wa, Rùká. Ohun tí àgbà bá ti fọwọ́ kàn níwájú àlejò tó sì ní ó dáa, ọmọ kì í tún un yẹ̀ wò. Tí mo bá nawọ́, mo ti sọ fún Lásísì pé ọwọ́ Bàbá kò dáa nìyẹn.

Bàbá ní, "Ó dáa. Gbé e lọ."

Èmi ni mo gbé e. Lásísì ní ẹrù míì lọ́wọ́, ni mo bá gbé àpò náà lé èjìká, a jọ ń lọ sí Ẹ̀bútẹ́. Ọ̀nà yẹn jìn. Bí a ṣe dé ìdajì rẹ̀ ni mo mọ̀. Nǹkan kan wà nínú àpò náà, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ibi tó bọ́ sórí eegun èjìká mi. Ó le bí ọmọ ọlọ. Iyanrìn ìsàlẹ̀ ló ti ya jáde, ó ti bá irun àgbọn pọ̀ níbi tí a tẹ́ àpò sí, omi òjò ti wọ̀ ọ́, ó ti gbẹ, ó ti dì. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé, ó ń gbá mi léegun. Mo yí i sí èjìká kejì. Lásísì ń sọ ti Èkó, ti ìjà, ti bàtà tó máa rà.

A dé etí omi. Mo sọ ọ́ sínú ọkọ̀. Mo ní, "Rọra fi bẹ̀rẹ̀ o."

Lásísì fi ẹsẹ̀ kan ti ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Rọra? Ṣé ọmọge ni mò ń lọ bá?"

Ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń kó ẹja wá sí ọjà ló mú ìròyìn wá. Oríkèé ọwọ́ ọ̀tún Lásísì ti fọ́, mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì ṣẹ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹni tó ń to eegun ti wò ó, ó ní yóò jiná, ṣùgbọ́n kò ní lè di ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Bàbá ń jẹun lọ́wọ́. Ó bi ọkùnrin náà pé, "Àpò wa ló gbá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fọ ọwọ́. Ó wọ agbádá. Ó wò mí, ó ní, "Ràímì, dìde."

A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀.

Ìyá Lásísì ń yan ẹja nígbà tí a wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá. Lásísì jókòó lórí ẹní, wọ́n ti fi ọparun àti aṣọ di ọwọ́ rẹ̀, ó tóbi bí orí. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín lù mí o."

Bàbá ní kí wọ́n gbé àpò náà wá. Ó ṣí gèlè ojú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú. Ó gbé e lé àpò náà, ó ń yí i, ó ń yí i. Ó dé ibẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ fún pọ̀, mi ò mọ̀ bóyá eyín ni tàbí ohun míì. Ó fi ọ̀bẹ la ibẹ̀, ìṣù iyanrìn dídì kan já bọ́ sílẹ̀, irun àgbọn wà lára rẹ̀ bí irun orí.

Ìyá Lásísì, obìnrin rere, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Òjò ló ṣe é. Ọmọ náà fi agídí gbá a, kò fi aṣọ di ọwọ́ dáadáa. Ràímì gan-an kìlọ̀ fún un pé kó rọra, kò gbọ́."

Gbogbo wọn yíjú wò mí. Mo wolẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà fún Bàbá níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kó kàn dúpẹ́, kó kí wọn kú àmúmọ́ra, kó máa lọ ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó yọ abẹ́rẹ́ ìgbòkun létí fìlà. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ìyá Lásísì, ó fi abẹ́rẹ́ gún orí ìka rẹ̀, ó tì í wọlé, ó tì í títí tó fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìyá Lásísì ké. Ojú Bàbá dúró bó ṣe wà. Ó gún èkejì.

Ó ní, "Ìyá Lásísì, ẹ wò ó. Ọwọ́ tó yẹ àpò ọmọ yín wò nìyí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti kú. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fi ń ríran. Òjò kọ́. Ọmọ yín kọ́. Èmi ni mo pa á mọ́. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀."

Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, èjìká mi ṣì wú lábẹ́ ẹ̀wù. Mo fa ọrùn ẹ̀wù náà pọ̀.

Nígbà tí a dé ilé, ó tú gbogbo àpò tó wà lábẹ́ àtíbàbà palẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òwú àràbà fò dé ojúlé aládùúgbò. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò pe ẹnikẹ́ni ní ìyàwó kékeré. Bàbá fún mi ní abẹ́rẹ́ náà. Ó ní, "Ìwọ ṣì ní ọwọ́."

Mi ò fi rán nǹkan. Ìjẹ̀dẹ̀ ni mo lọ. Bàbá ló rán mi pé kí n lọ máa bá Lásísì fa àwọ̀n títí ọwọ́ rẹ̀ á fi ṣeé lò. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ náà jiná ní wíwọ́. Ìjà Èkó, ẹlòmíì ló lọ jà á. A máa ń wà nínú ọkọ̀, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì, ó ń fi ọwọ́ kan ṣe ohun tó yẹ kí méjì ṣe. Kò bú Bàbá rí. Ní àárọ̀ kan ìkùukùu bo ọ̀sà, a ò rí etí omi, ó dédé ní, "Ràímì, o ní kí n rọra. Ǹ bá ti gbọ́ tìrẹ."

Mo fa àwọ̀n.

Bàbá kò jáde púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn èèyàn ṣì ń wá, á ní kí wọ́n lọ wá ẹlòmíì. Á jókòó sórí àpótí tó máa ń ní kí àwọn akànṣẹ́ jókòó lé, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, á máa wò wọ́n bí ẹrù tí ẹnì kan fi sílẹ̀ tí kò padà wá gbé. Ọdún òmìnira kò bá a láyé.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó lọ, ó ní kí n wá gé èékánná fún òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń rọra gé e, bí ẹni pé ó lè dùn ún. Ó ń wo orí mi. Ó ní, "Ràímì."

Mo ní, "Bàbá."

Ó ní, "Ìwọ lo gbé àpò yẹn dé Ẹ̀bútẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ṣé èjìká ò dùn ọ́?"

Ó mọ̀, Rùká. Bóyá kò mọ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀, àbí ó mọ̀ nígbà yẹn náà, mi ò lè sọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí n sọ ọ́ ni. Ẹnu kan ṣoṣo ló fẹ́ kí òun àti èmi fi jẹ́wọ́ rẹ̀. Mò ń gé èékánná lọ.

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò dùn mí."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ padà sórí orúnkún.

Ó ní, "Ó dáa."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àpò.

Lásísì wá síbi ìsìnkú. Ọwọ́ òsì ló fi bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ó bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n má bínú pé òsì ni òun lò, pé Bàbá mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wàáhù. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ yẹn kan náà gbá mi lórí èjìká, láti tù mí nínú.

Abẹ́rẹ́ náà wà nínú àpótí mi. Ìwọ ni kí o mú un tí mo bá lọ. Má fi í rán nǹkan tí èèyàn máa gbá.

Kọ èyí kẹ́yìn, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó dùn mí. Láti ìdajì ọ̀nà ló ti ń dùn mí.